Ọ̀kan nínú Ọgọ́rin

Ẹni tó bá sọ pé mo máa ń yangàn, kò parọ́ mọ́ mi. Ó yẹ kí n yangàn ni. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti fi jẹ́ olórí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fi òrùka irin de ẹnu họ́ọ̀sì gáàsì, ìyẹn rọ́bà gígùn tó ń gbé gáàsì láti ara sílíńdà lọ sídìí ìdáná. Nínú gbogbo ọdún yẹn, kò sí oníbàárà tó dá iṣẹ́ mi padà rí. Kò sí! Ẹ lọ bi ẹni tó bá wù yín. Tí ẹ bá dáná gáàsì láàárọ̀ yìí tí ilé yín ò jóná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ mi lẹ jẹ.

Bí mo ṣe ń ṣọ́ iṣẹ́ mi ló jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ̀ka mi sọ mí ní Màmá Má-fọwọ́-kàn-án. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti máa ń pè é, wọ́n rò pé n ò gbọ́. Mo gbọ́, ó sì dùn mọ́ mi. Tí họ́ọ̀sì bá ti wọ inú páálí, ogún nínú páálí kan, tí a sì ti lẹ̀ ẹ́ pa, ẹni tó bá tún nawọ́ sí i, ariwo mi ló máa kọ́kọ́ gbọ́.

Nígbà náà, bàbá àgbàlagbà kan ló ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó jáde ní ilé iṣẹ́. Bàbá Òǹtẹ̀ là ń pè é, torí òǹtẹ̀ méjì tó máa ń kó sápò, ọ̀kan pupa fún iṣẹ́ tó bàjẹ́, ọ̀kan aláwọ̀ ewé fún èyí tó dáa. Orúnkún ń dun bàbá. Tó bá ti wọ ilé ìkẹ́rùsí, páálí tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù lọ ló máa ṣí. Á mú họ́ọ̀sì mẹ́wàá níbẹ̀, á rì wọ́n sínú omi, á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn nínú, á wá máa wo ojú omi. Tí omi ò bá ta pó, tí afẹ́fẹ́ kankan ò yọ níbẹ̀, ó ti lu òǹtẹ̀ aláwọ̀ ewé nìyẹn, ó di ilé. Èmi náà ò fẹ́ kí bàbá máa ṣe wàhálà. Páálí tí a bá kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀, nígbà tí ara ṣì yá gágá, òun ni mo máa ń gbé síwájú. Mo tún máa ń fi àkísà nù ún. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni àlejò ń bọ̀ wá kí tí kò ní fọ ojú ọmọ ẹ̀? Kò sí ẹni tó pè é ní ẹ̀tàn láàárín wa. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn látọjọ́ pípẹ́, a tiẹ̀ máa ń pe ìlà iwájú yẹn ní "àwọn ọmọ Bàbá".

Ìgbà tó yá, ilé iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé ẹ̀rí kan tó ń fi han aráyé pé iṣẹ́ wa ní ètò, pé kì í ṣe oríire la fi ń ṣe é. Wọ́n kó ìwé ìlànà dé, ó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Kò sí ohun tí kò ní fọ́ọ̀mù. Ẹ bá fẹ́ yí nọ́ọ̀tì, fọ́ọ̀mù. Ẹ bá fẹ́ gbálẹ̀, fọ́ọ̀mù. Bàbá Òǹtẹ̀ ṣí ìwé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní orúnkún òun ò lè gbé e, ló bá fẹ̀yìn tì. Ẹ wá gbọ́ ẹni tí wọ́n gbà rọ́pò ẹ̀. Ọmọ mi ni.

Àbíkẹ́yìn mi ni. Ọdún méjì gbáko ló fi jókòó sílé lẹ́yìn tó jáde ilé ìwé, tó ń kọ lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Tí fóònù bá dún, á dìde. Tó bá rí i pé kì í ṣe iṣẹ́, á tún rọra jókòó. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ìbákà tẹ́lẹ̀ wá dákẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, mo sì máa ń wọ yàrá lọ sunkún kó má bàa rí mi. Nítorí náà, nígbà tí iṣẹ́ yìí dé, n ò lè sọ bí inú mi ṣe dùn tó. Èmi kọ́ ni mo bá a bẹ ẹnikẹ́ni o. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n jọ ṣe ìdánwò, òun ló ṣe ipò kìíní. Wọ́n ní àwọn máa fi oṣù mẹ́ta dán an wò. Tó bá yege, iṣẹ́ di tiẹ̀. Tí kò bá yege, ó di kó tún padà sídìí fóònù nìyẹn.

Mánẹ́jà pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní, "Màmá, ọmọ yín máa yẹ iṣẹ́ tiyín náà wò o. Ṣé kò ní fa ìjà?"

Mo rẹ́rìn-ín ni. Mo ní, "Ọ̀gá, kí ló fẹ́ rí níbẹ̀?"

Ọjọ́ kìíní tó wọ ilé ìkẹ́rùsí, mo ti to àwọn ọmọ Bàbá síwájú, mo ti nù wọ́n, wọ́n ń dán. Ó kí mi tán, ó rìn kọjá lára wọn bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀. Bébà kan ló mú lọ́wọ́, nọ́ńbà ló kún inú ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló pò ó pọ̀, kò sí ọmọ ènìyàn tó mọ èyí tó máa bọ́ sí. Tí nọ́ńbà bá sọ pé páálí kejìlélógún, họ́ọ̀sì kọkànlá, ibẹ̀ ló ń lọ. Bó jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá ni, á ní ká gbé gbogbo tòkè kúrò. Ọmọbìnrin kan wà ní ẹ̀ka mi tí a ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, kò sí ohun tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ló pariwo pé, "Ẹ̀yin ará, wọ́n ti gba onítẹ́tẹ́ síṣẹ́! Ẹ bá mi wò ó bóyá nọ́ńbà tèmi jáde." Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe ọmọ mi ní Onínọ́ńbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi yẹ iṣẹ́ mi wò bẹ́ẹ̀, òǹtẹ̀ aláwọ̀ ewé ló ń lù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo wá ń gbé èjìká. Ibi tó bá wù wọ́n kí wọ́n ti yọjú wò ó, iṣẹ́ mi niṣẹ́ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹgbẹ̀fà họ́ọ̀sì la fẹ́ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà tuntun kan. Ọgọ́ta páálí. Ọjọ́ méjì la fi ṣe wọ́n. Ọkọ̀ akẹ́rù ti dúró sẹ́nu géètì, dírẹ́bà ń tẹ fèrè. Ọmọ mi wọlé tòun ti bébà ẹ̀. Ọgọ́rin ni ìwé ìlànà ní kó mú nínú irú iye bẹ́ẹ̀. Ó ní ká gbé ìlà iwájú kúrò, ká gbé èyí tó tẹ̀ lé e kúrò, ká tún gbé ìkẹta kúrò. Fèrè ń dún. Ara mi gbóná.

"Ìwọ ọmọ yìí," mo ní, "páálí iwájú ń bu ni jẹ ni?"

"Rárá, mà."

"Àbí o rò pé ìyá ẹ fi nǹkan pamọ́ sẹ́yìn?"

"Rárá, Màmá. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Nígbà tí mo kéré, tí ẹ bá rán mi lọ ra tòmátì, kí lẹ máa ń sọ fún mi? Ẹ ní kí n má wo òkè apẹ̀rẹ̀, kí n tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀."

Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín. Mo yí ojú sí i, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Èmi ni mo wá dà bí alátòmátì lójú ẹ?"

"Ẹ má bínú, mà." Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dìde, ó tún ń ka nọ́ńbà ẹ̀ lọ. Ọmọ tí mo bí! Ó ń bẹ̀ mí, kò sì dúró.

Ọpọ́n omi gígùn kan wà lábẹ́ fèrèsé, ibẹ̀ la ti ń ṣe ìdánwò. Ó ń dí ẹnu họ́ọ̀sì kan, ó ń so ẹnu kejì mọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ó ń rì í sínú omi, ó ń ka ọgbọ̀n sínú kó tó mú un jáde. Àádọ́ta kọjá, omi dákẹ́. Àádọ́rin kọjá, omi dákẹ́. Mo ti ní kí wọ́n lọ sọ fún dírẹ́bà kó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó wá kan ọ̀kan tó ti inú páálí kẹrìndínláàádọ́ta jáde. Pó. Omi ta lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ mi mú un jáde, ó nù ún gbẹ, ó tún rì í. Pó. Pó. Pó. Ó ń ti ìdí òrùka irin jáde. Kò wo ojú mi. Òǹtẹ̀ pupa ló mú, ó lù ú sórí fọ́ọ̀mù ọgọ́ta páálí náà lápapọ̀.

"Kí lo ṣe yẹn?" Ohùn mi ti lọ sókè. "Ọ̀kan? Ọ̀kan nínú ọgọ́rin, o wá fi dá gbogbo ẹ̀ dúró?"

"Màmá, tó bá jẹ́ pé lẹ́tà ara ẹ̀ ni ò hàn, tàbí pé awọ ẹ̀ họ, màá gba márùn-ún láàyè, màá ṣì jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n tó bá kan pé ó ń jo gáàsì, ìwé ò gba ẹyọ kan."

"Ìwọ lo lọ́ ọ nígbà tí ò ń fà á jáde!"

"N ò lọ́ ọ, mà. Ọgọ́rin yìí nìkan kọ́ ni mò ń yẹ̀ wò. Ẹgbẹ̀fà ni mò ń fi ọgọ́rin wò. Èmi kọ́ ni mo ṣà wọ́n, bí nọ́ńbà ṣe bọ́ sí ni. Tí ọgọ́rin bá fún mi ní ọ̀kan, mélòó ló kù nínú àwọn tí mi ò rí?"

Mo sọ ohun tí kò yẹ kí ìyá sọ. Mo ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àti pé ọjọ́ tí wọ́n bí i ni mo ti ń de òrùka irin. Irọ́ ni ìparí yẹn. Ó ti tó ọmọ ọdún méje nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ìbínú kì í ka ọdún.

Ariwo wa ló gbé Mánẹ́jà dé. Kì í ṣe ènìyàn búburú, àmọ́ fèrè ọkọ̀ máa ń gbé nǹkan wọ̀ ọ́ lórí. Ó wo òǹtẹ̀ pupa, ó wo ọmọ mi. Ó ní, "Ṣé o mọ iye ọdún tí màmá ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí?"

"Mo mọ̀, sà."

"O sì fẹ́ kí n lé ọkọ̀ yìí padà lófo torí ẹyọ kan?"

"Ìwé ìlànà ló sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ buwọ́ lù ú."

Mánẹ́jà mí kanlẹ̀. Ó ní ó dáa, ká yẹ gbogbo ẹgbẹ̀fà náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, láti páálí kìíní títí dé ọgọ́ta, ká má fo ìkankan. Ẹ̀ka mi ló máa ṣe é. Onínọ́ńbà ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun ló ń gún un. Ó wá nàka sí ọmọ mi. "Tí a bá rí ẹyọ kan péré sí i tó ń jò, mo gbà pé o mọ ohun tí ò ń ṣe. Tí kò bá sí, ìdánwò oṣù mẹ́ta ẹ parí lọ́jọ́ yẹn náà. Ṣé ó yé ẹ?"

"Ó yé mi, sà."

"Màmá, ṣé ó yé yín?"

Mo ní ó yé mi.

Ẹ wá wo ọ̀ràn tó já lé mi lórí. Tí họ́ọ̀sì mìíràn bá jò, orúkọ tí mo fi ọdún méjìdínlógún kọ́ ti bàjẹ́. Tí kò bá jò, ọmọ mi padà sídìí fóònù. Ọwọ́ mi ni wọ́n sì fi ìdánwò náà lé, bí ẹni pé wọ́n ní kí n fi ọwọ́ ara mi yan èyí tí màá pàdánù.

Èmi fúnra mi ni mo jókòó ti ọpọ́n omi. Ẹlẹ́rìn-ín ń so wọ́n mọ́ afẹ́fẹ́, èmi ń wò. Ní ọjọ́ kìíní, a yẹ páálí márùndínlọ́gbọ̀n wò. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta họ́ọ̀sì nìyẹn, ọ̀kankan ò ta pó. Láàárọ̀, orí mi ń wú. Mo ń sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín pé, "Ṣé o rí i? Ṣé o rí i?" Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, n ò sọ ọ́ mọ́. Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Mà, orúkọ yín ti ń mọ́ o." Mo ní kó panu dé, kó kó àkísà rẹ̀ nílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́ta jókòó ti tábìlì nílé. Ọkọ mi, tó jẹ́ télọ̀, ń wo ojú mi, ó ń wo ojú ọmọ ẹ̀. Ó ní, "Ilé yìí dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ bí búrẹ́dì ṣe ń rọ̀ nínú tíì mi. Ẹ̀yin obìnrin méjì yìí, ẹnì kan á ṣáà bá mi sọ̀rọ̀?"

"A ti yẹ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wò," mo ní. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ni bàbá wọn wí, ó tún bu búrẹ́dì sẹ́nu.

Ọmọ mi gbé ife ẹ̀ sílẹ̀. "Màmá," ó ní, "mo fẹ́ bẹ̀ yín ni. Tí ẹ ò bá rí ìkankan, ẹ má ṣe torí tèmi sọ pé ẹ rí i. Ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ."

Ó ti mọ̀ mí. Ní òru àná yẹn, mo ti rò ó. Mo ti ronú sí bí màá ṣe fi ìṣó kékeré gún ìdí òrùka kan kó lè jò, tọ́wọ́ ò ní mọ̀, tójú ò ní rí. Ẹni tó ní iṣẹ́ tó ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ló tún wá ń sọ fún mi pé kí n má ṣe é. Mo kọjú sí ibi tí ògiri wà títí ojú mi fi gbẹ.

A bẹ̀rẹ̀ láti páálí kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀n kọjá, omi dákẹ́. Márùndínlógójì kọjá, omi dákẹ́. Nígbà tí a fi máa pé ogójì, ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ń gbàdúrà kí iṣẹ́ ọwọ́ mi bàjẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Èmi tí mo ń yangàn káàkiri yìí, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí họ́ọ̀sì kan péré jò. Mò ń tẹjú mọ́ omi bí ẹni ń dúró de ẹni tó rìnrìn àjò. Páálí kejìlélógójì náà kọjá, ẹgbẹ̀rin ó lé ogójì họ́ọ̀sì ti lọ, ọkàn mi ti wálẹ̀.

Páálí kẹtàlélógójì, họ́ọ̀sì kẹta. Afẹ́fẹ́ kékeré kan yọ ní ìdí òrùka. Mo ní bóyá afẹ́fẹ́ ìta ló lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi ìka nù ún nínú omi. Ó tún yọ. Mo mú un jáde, mo nù ún gbẹ pátápátá, mo ní kí Ẹlẹ́rìn-ín tún ẹnu kejì dè dáadáa. Mo rì í. Pó.

"Ó ń jò!" Mo fò dìde, omi ọpọ́n dà sí mi lẹ́sẹ̀. "Ó ń jò! Ẹ wá wò ó, ó ń jò!"

Ẹlẹ́rìn-ín lanu sílẹ̀. "Mà, ṣé ẹ ń yọ̀ ni?"

"Jókòó, so òmíràn!"

Kì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́ta ni nínú páálí yẹn. Méjì nínú èyí tó tẹ̀ lé e, mẹ́rin nínú èyí tó tún tẹ̀ lé e. Nígbà tí a fi máa dé ọgọ́ta, mẹ́rìndínlógún ló wà lórí tábìlì. Ẹ fi ti ọmọ mi kún un, ó di mẹ́tàdínlógún. Ayọ̀ mi ti gbẹ tipẹ́. Inú páálí mẹ́fà péré ni gbogbo wọn ti jáde, láti ìkẹtàlélógójì dé ìkejìdínláàádọ́ta. Kò sí ọ̀kankan ṣáájú wọn, kò sí ọ̀kankan lẹ́yìn wọn. Mo jókòó sórí páálí òfìfo kan, torí bí a ṣe ń dì wọ́n la ń kọ nọ́ńbà sí wọn lára, mo sì mọ ìgbà tí a ṣe mẹ́fà yẹn.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ kejì iṣẹ́ náà ni. Ẹ̀rọ tó ń fún òrùka irin mọ́ ẹnu họ́ọ̀sì, eyín ẹ̀ ti jẹ, kò fún un le mọ́. Ẹnjiníà ní aago kan lòun tó lè gbé eyín tuntun dé. Ta ló máa káwọ́ lérán di aago kan? Èmi kọ́. Mo ya etí páálí, mo ká a ní ìlọ́po mẹ́ta, mo fi há ẹ̀yìn eyín náà, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún un pinpin. Mo fọwọ́ fa àkọ́kọ́ wò, kò mì. Àwọn ọmọ ẹ̀ka mi pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kàwé, èmi ni mo lọ́gbọ́n." Ẹnu mi yìí ló ti jáde! Ṣùgbọ́n páálí kì í ṣe irin. Bí ẹ̀rọ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń pẹlẹbẹ sí i, òrùka kan á mú dáadáa, òmíràn ò ní mú tán. Ojú ò lè rí i, ọwọ́ ò lè fà á mọ̀, omi nìkan ló lè sọ ọ́. Ẹnjiníà gbé eyín tuntun dé ní aago kan, ó yọ páálí mi sọnù, n ò sì rántí ẹ̀ mọ́.

Mo ronú kan ilé ìdáná mẹ́tàdínlógún. Ìyá kan á ṣáná láàárọ̀ kó lè fún àwọn ọmọ ẹ̀ lóúnjẹ kí wọ́n tó lọ sílé ìwé. Ẹ̀rù bà mí. Tó bá jẹ́ pé Bàbá Òǹtẹ̀ ló wà níbẹ̀, mẹ́wàá ni ì bá mú lẹ́nu ilẹ̀kùn, nínú èyí tí mo ti nù fún un. Ọkọ̀ ì bá ti gbé gbogbo ẹ̀ lọ, èmi ni ǹ bá sì juwọ́ sí dírẹ́bà pé ó dàbọ̀.

Mo lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, mo wá páálí yẹn títí mo fi rí i. Ó ti pẹlẹbẹ bí ewé. Mo mú un lọ sí ọ́fíìsì Mánẹ́jà. Òun àti ọmọ mi ló wà níbẹ̀, fọ́ọ̀mù wà níwájú ọmọ mi. Mo gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, mo sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀, n ò fi ọ̀kan pe méjì.

Mánẹ́jà mú páálí náà, ó yí i wò. Ó wá sọ fún ọmọ mi pé, "Iṣẹ́ ti di tìẹ. Kò tún sí ọ̀rọ̀ ìdánwò mọ́." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "Màmá, oníbàárà máa rí bébà yìí. A ó kọ ọ́ pé eyín ẹ̀rọ ló jẹ. Irọ́ ṣá kọ́, eyín ẹ̀rọ jẹ lóòótọ́. Ẹ má jẹ́ ká ba ọdún méjìdínlógún jẹ́ torí etí páálí."

Bíírò ọmọ mi ti dé orí ìlà tó béèrè pé kí ló fà á, ta ló ṣe é. Ó dúró síbẹ̀. Kò kọ eyín ẹ̀rọ, kò sì kọ tèmi. Omi dé ojú ẹ̀. Ọmọ tó dúró níwájú Mánẹ́jà, níwájú fèrè ọkọ̀, níwájú gbogbo igbe mi, tí ojú ẹ̀ ò tiẹ̀ rọ̀ díẹ̀, orúkọ ìyá ẹ̀ ni kò lè kọ. Mo sì rí i kedere pé tó bá fi mí pamọ́ lónìí, kò ní sí bébà tó máa kọ lọ́la tí òun fúnra ẹ̀ máa gbà gbọ́.

"Kọ ọ́," mo ní.

"Màmá..."

"Ta ni màmá ẹ níbí? Olórí ẹ̀ka ni mí níbí. Kọ ọ́, kó hàn gàdàgbà. Àbí o ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi ni?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó kọ ọ́, orúkọ mi àti ti bàbá mi, kò fo àmì kan. Ó kọ ohun tí mo ṣe. Ó kọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ pé láti òní lọ, tí eyín ẹ̀rọ bá jẹ, iṣẹ́ á dúró títí ẹnjiníà á fi dé. Ó yí fọ́ọ̀mù náà sí mi, mo buwọ́ lù ú.

Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo ẹ̀ka mi ló dúró síta, wọ́n ń díbọ́n bí ẹni ń gbálẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbọ́. Mo ní, "Iṣẹ́ wa padà lónìí. Mẹ́tàdínlógún ló ń jò. Èmi tí mo ká páálí sínú ẹ̀rọ ni mo bà á jẹ́, kì í ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín." Ẹlẹ́rìn-ín pàápàá ò rẹ́rìn-ín.

Ojú tì mí, n ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ohun mìíràn ń wú nínú mi tó ju ìtìjú lọ, n ò lè mú un mọ́ra. Ọmọ mi ti jáde wá sẹ́nu ilẹ̀kùn, fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo fà á lápá wá síwájú wọn.

"Láti ọdún méjìdínlógún, kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ kó dá iṣẹ́ mi padà," mo ní. "Ẹ wo ẹni tó dá a padà dáadáa. Èmi ni mo bí i."